Ta ló dá ilẹ̀, Ọlọ́hun àbí Odùduwà? Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Rófíà, Mọ̀ọ̀rẹ̀ | Jímọ̀, 8:47 alẹ́

Àsàláámù àléékúmù ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Rófíà mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ yìí ni iléèwé wọn kó wọn lọ wo Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn, wọ́n sì sọ ìtàn fún wọn: bí Odùduwà ṣe fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀, tó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án ká, tí ilẹ̀ sì ń fẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ifẹ̀. Inú ọmọ dùn dé ẹ̀yìn. Ó rò ó fún mi látòkè délẹ̀, ó tún fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí adìyẹ ṣe ń tan ilẹ̀. Àfi bí a ṣe ń múra ìrun Mọ̀gàríbì tó yíjú sí mi: "Màámi, ààfáà ní Ọlọ́hun ló dá ilẹ̀. Tíṣà ní Odùduwà ni. Èwo ni kí n kọ tí wọ́n bá bi wá nínú ìdánwò?"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó kọ èyí tí yóò fún un ní máàkì. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé kò tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ju ìbéèrè yẹn lọ. Ó ti pẹ́ tí Rófíà ti ń lọ ilé kéú. Fátíà àti àwọn súrà kéékèèké wà lórí rẹ̀ bí ẹní mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni Kulhuwallahu ń sọ, á kàn máa wò yín lójú ni. Ó ń kírun, kò mọ ohun tó ń wí. Ìyá tó bí mi sì rèé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Nínú ẹbí bàbá mi, àwọn kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́jọ́, ọdún ìbílẹ̀ Ifẹ̀, kàn gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ilé tó rí báyìí, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ àdísọ́kàn, ìyẹn ohun tí Mùsùlùmí gbà gbọ́, fún ọmọ? Kí ló ń ṣíwájú, kí ló ń tẹ̀ lé e? Ṣé ilé kéú nìkan tó?

Ọmọ Ìlódè | Jímọ̀, 8:59 alẹ́

Wa àléékúmù sàlámù. Ẹ sọ fún un pé Ọlọ́hun ló dá ohun gbogbo, ó parí. Tó bá di ti ìdánwò, kó kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́.

Bàbá Onílé Kéú, Sábó | Jímọ̀, 9:25 alẹ́

Ìyá Rófíà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yín. Èmi náà ń kọ́ ọmọ ní kéú, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó lórí ẹní mi nírọ̀lẹ́. Àkọ́sórí ló ń ṣíwájú. Ohun tó bá wọ orí ọmọdé kì í jáde mọ́. Ẹ jẹ́ kó dàgbà tán kí ẹ tó ní kó wá kọ́ Yásínì sórí, ojú á rí tó.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn. Wọ́n á fi gègé àti tàdáà kọ ọ́ sára wàláà, a ó kà á títí tí yóò fi já gaara lẹ́nu wa, a ó fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ nǹkan kan fún wa títí a fi ṣe wòlíìmọ́, ayẹyẹ ìjáde kéú. Nígbà tí ìtumọ̀ wá dé, ó bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin òbí òde òní lẹ fẹ́ kí ọmọ lóye kó tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pa ilé kéú jẹ. Ìtumọ̀ ń bọ̀.

Tíṣà Ìjẹ̀ṣà | Jímọ̀, 9:58 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ yà díẹ̀. Àkọ́sórí dára, èmi náà jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti béèrè. Ọmọ tó béèrè lónìí, tí ẹ ní ìtumọ̀ ń bọ̀ tó bá ṣe wòlíìmọ́, á lọ gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dìgbà náà.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Iléṣà. Mùsùlùmí ni mí, ìtàn Odùduwà sì wà nínú ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn yẹn dáadáa ná. Nínú ìtàn gan-an, ta ló rán Odùduwà? Olódùmarè ni. Ọbàtálá ni wọ́n kọ́kọ́ rán, ó mu ẹmu yó lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà bá gba iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kọ́ ló ni iṣẹ́. Àwọn baba wa pàápàá ò sọ pé òun ló dá ara rẹ̀, wọn ò sì sọ pé òun ló dá omi tó bá nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tètè sọ̀rọ̀. Ẹ bi Rófíà pé: adìyẹ yẹn ńkọ́, ta ló dá a? Ta ló dá iyẹ̀pẹ̀ tó dà síbẹ̀? Omi ńkọ́? Ẹ fún un láyè kó rò ó. Ó máa débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá túmọ̀ Kulhuwallahu tó ti wà lórí rẹ̀. Áyà mẹ́rin péré ni: Ọlọ́hun jẹ́ Ọ̀kan, Òun ni gbogbo ẹ̀dá ń gbójú lé, kò bímọ, ẹnì kan ò sì bí I, kò sí ohun tó dà bí Rẹ̀. Odùduwà bímọ. Àwa Ìjẹ̀ṣà sọ pé Ọwá Obòkun wa ló lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú ń dun bàbá rẹ̀. Ẹni tí ojú ń dùn, tí ọmọ ń wá oògùn kiri fún, ọba ni, bàbá ńlá ni. Kì í ṣe Ẹlẹ́dàá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní wá alálàyé kún un.

Ní ti ìdánwò, ẹ kọ́ ọ kó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ báyìí: "Ìtàn àwọn Yorùbá sọ pé..." Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ìjẹ́rìí.

Ọmọ Ìlódè | Jímọ̀, 10:06 alẹ́

"Ìtàn àwọn Yorùbá sọ pé." Tíṣà, mo gba ti yín. Tèmi náà ń bọ̀ ní Pírámárì 3, màá fi pamọ́ dè é.

Abu Ṣékínà, Modákẹ́kẹ́ | Jímọ̀, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣeun Tíṣà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ń kọ mí lóminú. Ìtàn òrìṣà lẹ fi ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ Ọlọ́hun yẹn. Tó bá dọ̀la, á ní ṣebí Màámi náà sọ pé Olódùmarè ló rán Ọbàtálá. A kì í sọ ọ́ nílé mi rárá. Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọ mi, mo ní kí wọ́n máa yọ wọ́n kúrò nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà.

Tíṣà Ìjẹ̀ṣà | Jímọ̀, 10:31 alẹ́

Ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀ lẹ wà. Ère Mọremí ti ń wo gbogbo wa láti 2016. Tí ọmọ yín bá wọ yunifásítì lọ́la, gbọ̀ngàn Odùduwà ló ń dúró dè é. Ẹ ò lè fi ọwọ́ bo ọmọ lójú láti Lágere dé Ẹnuwá. Èmi á kúkú sọ ọ́ fún un kó tó gbọ́ ọ níta.

Ìyá Ìbejì, Lágere | Sátidé, 6:12 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àsùbáà tán ni mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ìyá Rófíà, ẹ béèrè ohun tó ń ṣíwájú. Ẹ ṣí Súrà Lùkúmáánù, ìyẹn Súrà 31, láti áyà 13 dé 19. Bàbá ló ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ọmọ mi, má ṣe wá orogún fún Ọlọ́hun: èyí ló kọ́kọ́ sọ. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ wá fi ọ̀rọ̀ òbí sáàárín. Lẹ́yìn náà, bí nǹkan bá kéré bí hóró músítádì, ì báà wà nínú àpáta, ì báà wà ní sánmọ̀, ì báà wà nínú ilẹ̀, Ọlọ́hun yóò mú un jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Ìwà ló gbẹ̀yìn: má ṣe gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún èèyàn, má ṣe fi fáàrí rìn lórí ilẹ̀, rẹ ohùn rẹ nílẹ̀, nítorí ohùn tó burú jù ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn ìbejì mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn nígbà tí mo débẹ̀. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá ń pariwo nílé wa, wọ́n á wojú ara wọn.

Ti hóró yẹn ni mo fi kọ́ wọn pé Ọlọ́hun mọ ohun gbogbo. Mo mú ẹ̀gúsí kan ṣoṣo fún Táyé, mo ní kó fi pamọ́ síbi tó bá wù ú nínú ilé, kí Kẹ́hìndé wá a. Kẹ́hìndé túlé. Abẹ́ ìrọ̀rí, inú bàtà, ẹ̀yìn fíríìjì, kò rí nǹkan kan. Mo ní, ta ló mọ ibi tó wà? Táyé ní òun ni. Mo ní, ta ló tún mọ̀ ọ́n? Ó kọ́kọ́ ní "Kò sí." Ó wá wòkè, ó ní "Háà, Ọlọ́hun." Kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe tó máa ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gúsí ọ̀hún, inú ihò etí rẹ̀ ló kì í bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a yọ ọ́, ẹ má fi ẹ̀gúsí dán an wò.

Ohun mẹ́fà tí à ń gbàgbọ́ ni mo mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà: Ọlọ́hun, àwọn màláíkà, àwọn tírà, àwọn òjíṣẹ́, ọjọ́ ìkẹyìn, àti kádàrá, rere àti búburú rẹ̀. Màláíkà ni wọ́n fẹ́ràn jù: Jíbúrílù tó ń mú iṣẹ́ wá fún àwọn ànábì, Míkáílù tó wà lórí òjò, Ìsíráfílù tí yóò fọn fèrè, Ásíráílù tó ń gba ẹ̀mí. Mo fi kádàrá sẹ́yìn, ó le fún àgbà, ká má tíì sọ ti ọmọdé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà | Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀gúsí yẹn dùn mọ́ mi. Àtúnṣe kékeré kan ni tèmi: orúkọ Ásíráílù kò sí nínú Àlùkùráánì, kò sì sí nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. "Màláíkà ikú" ni Súrà 32, áyà 11 pè é. Ẹ kàn máa pè é bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Bàbá Onílé Kéú, Sábó | Sátidé, 8:02 àárọ̀

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Àmọ́ inú ìwé àwọn ààfáà àtijọ́ ni àwọn àgbà ti rí orúkọ yẹn. Fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kó má dà bíi pé wọ́n purọ́.

Bàbá Ṣẹ́rífù, Paràkìn | Sátidé, 9:30 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ àdísọ́kàn. Ìrun ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti kọjá ibi eré. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ká pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọmọ ọdún méje, ká nà án lórí rẹ̀ tó bá di mẹ́wàá. Pàṣán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé mi, kò sí ọmọ mi tó ń pa Àsùbáà jẹ.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́yẹlé | Sátidé, 10:15 àárọ̀

Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ka hádíìsì yẹn bó ṣe wà. Láti méje dé mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta ni. Ìrun márùn-ún lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, ó ju ìgbà 5,000 lọ tí òbí ti máa pe ọmọ wá kírun pẹ̀lú ẹnu nìkan kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Ta ló pe ọmọ tirẹ̀ nígbà 5,000 kó tó wá pàṣán? Ọ̀pọ̀ ló sì ń nà ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ tún ti ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n fàyè gbà níbẹ̀ kì í ṣe ìnàkunà: kò gbọdọ̀ dá egbò, kò gbọdọ̀ kan ojú. Èmi tí wọ́n ń gbé ọmọ tó wú lẹ́yìn wá bá níbi iṣẹ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn, ilé kéú ni wọ́n ti nà án.

Ànábì kan náà yìí ló gbé Umámà ọmọ Saynab, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dání lórí ìrun. Tó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á gbé e sílẹ̀; tó bá dìde, á gbé e padà. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bùhárì àti ti Músílímù. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi: ọmọ ń gun mi lẹ́yìn lórí ìrun, mo jẹ́ kó gùn mí. Ó dọjọ́ kan, ó tẹ́ ẹní tirẹ̀.

Bàbá Ṣẹ́rífù, Paràkìn | Sátidé, 10:28 àárọ̀

Ọmọ tí wọ́n kẹ́ ju báyìí lọ náà la ń rí ní ìta tó ń fa igbó.

Màmá Àgbà, Ìrẹ̀mọ | Sátidé, 12:50 ọ̀sán

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́hun á fún ọ ṣe. Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ rọra.

Àlùwàlá lẹ gbàgbé. Ọmọ á gbé kẹ́tù tó kún dẹ́múdẹ́mú, á dà á tán sórí ẹsẹ̀ kan, á ní òun ti ṣe é. Àwọn mẹ́rin ló ń gbé ọ̀dọ̀ mi, omi kànga sì ni à ń pọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bu omi sí abọ́ ìmukọ kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní, ẹ sọ Bísímílà. Ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ yọ omi lẹ́nu, ẹ fín in símú, ẹ fín in dànù. Ojú. Ọwọ́ ọ̀tún dé ìgúnpá, kó tó kan òsì. Ẹ fi omi pa orí, ẹ fi pa etí. Ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, ẹ fi ìka ha àárín ìka. Ẹni tí omi rẹ̀ bá tán kó tó dé ẹsẹ̀, á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo. Ní báyìí omi máa ń ṣẹ́ kù sínú abọ́, wọ́n sì máa ń fi í hàn mí. Àwọn ààfáà sọ pé Ànábì ń fi ìwọ̀n múùdù kan ṣe àlùwàlá, omi tó kún àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjèèjì ni. Abọ́ ìmukọ mi tó o, ó tún ṣẹ́ kù.

Oníṣòwò Ọ̀dọ̀ Ògbè | Sátidé, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ọjà ò jẹ́ kí n tètè dé. Sàká ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, torí ọmọ ọlọ́jà ni wọ́n, owó ló yé wọn. Wọ́n ní kóló. Tí wọ́n bá fọ́ ọ tó jẹ́ ₦1,000, mo ní kí wọ́n yọ ₦25, ìdá kan nínú ogójì, kí wọ́n fún aláìní. Sàká wọn nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà | Sátidé, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjà mà. Ohun tó dára gan-an lẹ̀ ń kọ́ wọn, àmọ́ ẹ má pè é ní sàká. Sàká kì í wà lórí owó àfi tó bá dé níṣáàbù, iye 85 gíráàmù wúrà, tó sì lo ọdún kan gbáko nípa òṣùpá lọ́wọ́ ẹni. Kóló ọmọdé ò lè débẹ̀. Sàárà ni èyí. Kì í ṣe pé mò ń ṣòfíntótó. Tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n rò pé wọ́n ti yọ sàká nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì kàn wọ́n, wọ́n lè máa fojú kékeré wo èyí tó pọn dandan.

Oníṣòwò Ọ̀dọ̀ Ògbè | Sátidé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, sàárà ni. Àmọ́ jàká ni èyí tó kàn wọ́n lóòótọ́, ẹ má jiyàn ìyẹn. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń yọ ọ́ fún. Tí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, mo máa ń gbé ìrẹsì sílẹ̀ nínú báfù, bàbá wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù ú lẹ́ẹ̀mẹrin sínú ọ̀rá fún orí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ló ń kà á, wọn kì í jẹ́ kó fo ẹnì kankan: ti Bàbá, ti Màámi, ti ẹ̀gbọ́n, ti ọmọ ọwọ́ pàápàá. Lọ́dún tó kọjá èyí àbúrò sunkún, ó ní tòun kéré sí ti ẹ̀gbọ́n òun. Wọ́n ní kó gbé méjèèjì dání wò. Àwọn náà ló ń gbé e lọ sílé tí a bá fẹ́ fún, kó tó di ìrun ọdún. Ọmọ tó bá ti gbé jàká lórí lọ sílé opó, ẹ ò ní í tún ṣàlàyé fún un mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́yẹlé | Sátidé, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Kí n fi ti ààwẹ̀ kún un nígbà tó ti dé orí Ràmàdáánì. Kò pọn dandan fún ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí jẹ sààrì, kí wọ́n gbà á dé Áílà, kí wọ́n jẹun. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, kó dé Alásárì. Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh sọ nínú hádíìsì pé àwọn ìyá Mẹ̀dínà ń mú àwọn ọmọ wọn gba ààwẹ̀ Áṣúrà, wọ́n á fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn, tí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ wọ́n á gbé e fún un ṣeré títí di ìṣínu. Ẹ rí i pé wọn ò lù wọ́n. Ọmọ tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má jẹ́ kó dán an wò rárá, kó mu omi.

Ìyá Rófíà, Mọ̀ọ̀rẹ̀ | Sátidé, 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bi í ní ìbéèrè Tíṣà. "Ta ló dá adìyẹ?" Ó ní ẹyin ni. Ìyẹn náà gbà wá ní àkókò kí a tó kúrò lórí rẹ̀. Àmọ́ a débẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìyá mi àti Ọlọ́jọ́ o. Màmá máa ń gbé Rófíà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Bí ọjọ́ Ọlọ́jọ́ bá sì pé, gbogbo ẹbí á bọ́ sí Ẹnuwá.

Abu Ṣékínà, Modákẹ́kẹ́ | Sátidé, 9:24 alẹ́

Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ màmá lásìkò ọlidé mọ́. Ọlọ́jọ́, kó jókòó sílé. Ẹ̀sìn ọmọ ṣáájú ẹbí.

Ọmọ Ìlódè | Sátidé, 9:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìyá tó bí i lọ́mọ lẹ̀ ń wí yẹn o! Àwa tí a bí sí Ìlódè, inú ilé kan náà ni Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe wà. Tí ẹ bá gé gbogbo wọn dànù, ta ló kù tí ẹ fẹ́ bá jẹun ọdún Iléyá?

Ìyá Ìbejì, Lágere | Sátidé, 9:58 alẹ́

Ẹ padà sí Súrà Lùkúmáánù tí mo sọ láàárọ̀. Áyà 15: bí òbí rẹ méjèèjì bá tiẹ̀ ń fi agbára mú ọ kí o wá orogún fún Ọlọ́hun, má tẹ̀ lé wọn níbi ìyẹn, ṣùgbọ́n máa bá wọn gbé ní ayé pẹ̀lú dáadáa. Ohun méjèèjì ló wà nínú áyà kan ṣoṣo. Abu Ṣékínà mú ìdajì, Ọmọ Ìlódè mú ìdajì.

Ohun tí èmi ṣe rèé, torí ìyá ọkọ mi náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, àwọn ọmọ yìí, tiyín ni wọ́n. Ẹ bá mi rán wọn létí ìrun, ẹ má sì mú wọn lọ sí ìsìn." Mo gbé ẹní ìrun kékeré méjì sínú àpò wọn. Màmá kọ́kọ́ fajú ro. Ní báyìí àwọn gan-an ló ń pariwo pé "Ẹ̀yin ọmọ Lèmọ́mù, ó ti tó àsìkò o!" Wọ́n mọ àsìkò Alásárì ju ọkọ mi lọ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ Kérésì ni wọ́n gbé fún wọn, ìrẹsì àti adìyẹ tí wọ́n sè fún ọmọ-ọmọ, mo jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà.

Abu Ṣékínà, Modákẹ́kẹ́ | Sátidé, 10:07 alẹ́

Èmi wà lára àwọn kan. Àmọ́ ti ẹní ìrun nínú àpò yẹn dáa.

Tíṣà Ìjẹ̀ṣà | Sátidé, 10:15 alẹ́

Ti Ọlọ́jọ́, ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀ọ̀ni dé adé Àrè, ìlú ń yọ̀ mọ́ ọba: ìyẹn jẹ́ ti ìlú, bí àwa náà ṣe ń ṣe Ìwúde níbí. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, ìsìn ni, Rófíà ò gbọdọ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹ sọ èwo ni èwo fún un kó tó dọjọ́ náà. Bí kò bá sí ẹni tó lè mú un lọ́wọ́ kó sì máa ṣàlàyé fún un, kó jókòó sílé lóòótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà | Sátidé, 10:22 alẹ́

Tíṣà, ibi tí ẹ pín in sí yẹn ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló máa sọ pé ọ̀kan náà ni àjọ̀dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí Ìyá Rófíà bi ààfáà tó sún mọ́ wọn, kí bàbá ọmọ náà sì wà níbẹ̀, torí tí bàbá bá ń rẹ́rìn-ín tí ìyá ń kọ́, ọmọ á mú ti ẹ̀rín.

Ìyá Rófíà, Mọ̀ọ̀rẹ̀ | Àìkú, 1:40 ọ̀sán

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àsàlátù. Bàbá Rófíà ka gbogbo rẹ̀ tán lóru àná, ti "ọmọ á mú ti ẹ̀rín" yẹn bà á. Ó ní òun á máa gba Mọ̀gàríbì sí Íṣáì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: ó máa túmọ̀ súrà kan tí Rófíà ti mọ̀ sórí, kò ní kọ́ ọ ní tuntun. Fátíà la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ráká mẹ́tàdínlógún la ń kí lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ló ń kà á. Abọ́ ìmukọ Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ti Màmá mi, màá lọ kúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti Ọlọ́jọ́, a máa bi ààfáà wa.

Bàbá Onílé Kéú, Sábó | Àìkú, 2:05 ọ̀sán

Ó dára bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ gan-an ló yẹ kó túmọ̀ ọ́, èmi ò lè ráyè ìyẹn pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé kéú ò gbọdọ̀ dúró o. Ẹ ní súrà kéékèèké ló mọ̀. Kó wá bẹ̀rẹ̀ Tabáraka, áyà ọgbọ̀n ni, kí wàláà rẹ̀ má gbẹ.